Ibùsọ̀, wákàtí, kìlómítà: bí ọ̀nà Párí àti ọ̀nà Bahia ṣe jìn sí Àjàṣẹ́

Ìfáárà

Ní ọdún tó kọjá, mo fẹ́ lọ sí Salvador, olú-ìlú Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, láti lọ gbọ́ bí àwọn ará ilé òrìṣà tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu ṣe ń lo èdè wa nínú orin àti nínú ìkíni. Mo wọ ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ní Kútọnu. Ọmọ Pobè ni ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, Yorùbá la sì jọ ń sọ. Kò sọ fún mi bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ohun tó bi mí ni pé: "Ibo lẹ fẹ́ gbà, ẹ̀gbọ́n?" Ó ní mo lè gba Párí lọ sí Lísbọ̀n, kí n tó wá ti Lísbọ̀n fò lọ sí Salvador. Ó ní ọ̀nà mìíràn tún wà tó gba Addis Ababa. Èyí tó yá jù lọ nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ kò dín ní ọjọ́ kan gbáko.

Nígbà tí mo padà sí Àjàṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi. Láti pápákọ̀ òfurufú Kútọnu sí ti Párí, tí a bá fa ìlà tó kúrú jù lọ sórí ayé, ó jẹ́ nǹkan bí 4,740 kìlómítà. Láti Kútọnu kan náà sí pápákọ̀ Salvador, ó jẹ́ nǹkan bí 4,980. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ju 240 kìlómítà lọ, ìyẹn kò sì tó ọ̀nà Kútọnu sí Savè. Síbẹ̀, bàálù ń gbé èrò lọ sí Párí ní wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀, láìdúró níbìkan. Ní ti Salvador, kò sí èyí tó ń lọ tààrà.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni ibi méjì tí jíjìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ṣe wá di pé ọ̀kan wà lẹ́bàá ilé, tí èkejì sì wà ní òpin ayé? Ìtàn ló lè dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé èdè wa náà ní ohun tó lè fi ràn wá lọ́wọ́, nítorí ìbéèrè ọmọ Pobè yẹn bá bí Yorùbá ṣe ń ka ọ̀nà mu ju kìlómítà tí mo lọ ṣírò lọ.

1. Bí a ṣe ń ka ọ̀nà kí kìlómítà tó dé

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ibùsọ̀. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí ibi ìsinmi lójú ọ̀nà, wọ́n sì tún fi ṣe òṣùwọ̀n jíjìn, tí wọ́n máa ń fi wé máìlì. Ó hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe sọ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí a rí nínú sọ̀kalẹ̀ àti nínú gbólóhùn bíi "alárù sọ ẹrù". (Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí sọ̀ di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí.) Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, òṣùwọ̀n ọ̀nà ní èdè wa kì í ṣe ìwọ̀n ilẹ̀. Ìwọ̀n ara ni. Ó ń sọ iye ìgbà tí ẹni tó gbé ẹrù ní láti sọ̀ ọ́ kí ó tó débi tó ń lọ. Ibùsọ̀ méjì lórí òkè kò lè gùn tó ibùsọ̀ méjì ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀, nítorí pé agbára tí ìrìn náà ń gbà ni wọ́n ń wọ̀n.

Ọ̀nà kejì tí a ń gbà kà á ni ìrìn ọjọ́: ìrìn ọjọ́ kan, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe ẹ̀rí nínú ìtàn gbọ́dọ̀ rántí pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí pọ̀. Ẹ wo ìjẹta. Ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni ìṣirò ilé-ìwé ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé a ti ka òní mọ́ ọn. Bákan náà ni ọjà ọrún: bí a bá ná an lónìí, òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní, a ó sì tún ná an ní ọjọ́ karùn-ún, èyí tí ọmọ ilé-ìwé Faransé bíi tèmi yóò pè ní ọjọ́ mẹ́rin sí i. Nítorí náà, bí àgbà kan bá sọ pé láti Kétu dé etí òkun jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́rin, tí òǹkọ̀wé Faransé kan sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni, ó lè jẹ́ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbà kéékèèké náà ní ìtàn tiwọn. Ìṣẹ́jú wá láti ara ṣíṣẹ́ ojú. Ìṣẹ́jú àáyá tún kéré sí i, nítorí pé ojú àáyá yá ju ti ènìyàn lọ. Wákàtí jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tó ti èdè Lárúbáwá gba ọwọ́ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Aago wá láti ara agogo tí wọ́n ń lù. Òṣùwọ̀n tó wá láti ara, òṣùwọ̀n tó gba aginjù wá, àti èyí tó wá láti ohùn irin, gbogbo wọn la kó jọ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo nígbà tí a bá sọ pé bàálù yóò gbéra ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí yóò sì lo wákàtí mẹ́fà lókè.

Ẹ̀kẹta, tó sì ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí, ni ọ̀rọ̀-ìṣe gbà. "Mo gba Sèmè lọ sí Èkó" jẹ́ gbólóhùn alásínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe: ọ̀nà ló kọ́kọ́ wá, ibi tí à ń lọ ló tẹ̀ lé e. Nínú Faransé tí mo fi kàwé, lílọ ni ọ̀rọ̀-ìṣe gidi, ọ̀nà sì jẹ́ àfikún tí a lè yọ kúrò láìba nǹkan jẹ́: on va à Lagos par Sèmè. Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè sọ "láti ọ̀nà Sèmè". Ó lè sọ ọ́, ó sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rọrùn lẹ́nu, ọ̀nà gan-an ni ìṣe. Ìdí nìyí tí ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fi kọ́kọ́ béèrè ibi tí mo fẹ́ gbà.

2. Ọkọ̀ tó ń bà bí ẹyẹ

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fò dé, èdè kò dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀: ọkọ̀, tó jẹ́ igi gbígbẹ́ lórí ọ̀sà tẹ́lẹ̀, di ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ọkọ̀ òfurufú. Ara ẹyẹ ni wọ́n sì ti mú ìṣe rẹ̀: ó ń fò, ó ń bà, ó ń balẹ̀. Ní ti ibi tó ń dúró sí, a fi ọkọ̀ àti pápá ṣe pápákọ̀, bí ẹni pé ibi tí koríko wà ni ọkọ̀ wá gúnlẹ̀ sí. Bàálù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti sọ, ń rán wa létí ballon ti Faransé àti balloon ti Gẹ̀ẹ́sì, ohun èlò tó ti gbé ènìyàn lọ sókè ṣáájú kí ẹ̀rọ tó ní ìyẹ́. Ní Àjàṣẹ́, ẹni tó lọ sí ilé-ìwé máa ń sọ avion láàárín Yorùbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ná ọjà Èkó yóò sì sọ bàálù. Bákan náà ni a ń sọ Párí, tí àwọn ará Ìbàdàn ń sọ Párìsì. A lè ti ibi orúkọ ìlú kan ṣoṣo mọ ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé.

Àpapọ̀ omi àti ẹyẹ yìí bá ìtàn etíkun wa mu. Ní ọdún 1937, ilé-iṣẹ́ Aéromaritime bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan láti Dakar wá sí ìsàlẹ̀ etíkun, Kútọnu sì wà lára àwọn ibùsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ Sikorsky tí wọ́n ń lò lè bà lórí omi, ó sì lè bà lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá rí i nígbà náà kò ní ìdí láti jiyàn bóyá ọkọ̀ ni tàbí ẹyẹ.

3. Ọ̀nà omi: láti ọ̀dọ̀ wa sí Bahia

Kí Párí tó di ìlú tí a mọ̀ ní Àjàṣẹ́, Bahia ni òkè òkun. Orúkọ Porto-Novo fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò Potogí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, èbúté tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òwò tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ kò ṣe é fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ: ẹrú ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni wọ́n kó gba etíkun wa yìí kọjá láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkọkàndínlógún, Bahia sì ni ibi tí púpọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí.

Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Ouidah tàbí ní Àjàṣẹ́ kò lè kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kí ó sì máa lọ. Ìṣàn omi etíkun Guinea ń ti ọkọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn. Awakọ̀ ní láti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù, títí dé agbègbè São Tomé, kí ó tó rí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn, èyí tí yóò gbé e la òkun já. Níbẹ̀ ni wọ́n tún ti máa ń gba omi mímu àti oúnjẹ. Ẹ ríi pé ibùsọ̀ wà nínú ìrìn náà: ọ̀nà tí wọ́n gbà gùn ju ìlà tààrà lọ dáadáa. Oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìrìn náà máa ń gbà, nínú ipò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi yè é dé òdìkejì.

Nǹkan tó yà wá lẹ́nu ni pé ọ̀nà burúkú yìí ní ìpadàbọ̀. Ní oṣù Kíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí dìde ní Salvador sí àwọn tó ní wọn lẹ́rú. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ tó bá Ìmàle wa mu. Lẹ́yìn tí ìjọba fọ́ ìdìtẹ̀ náà, wọ́n lé àwọn kan nínú àwọn tó ti gba òmìnira padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. Ìrìn yìí ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di òpin ọ̀rúndún náà, kódà lẹ́yìn tí Bùràsíìlì fòpin sí oko ẹrú ní 1888. Àwọn àti àtọmọdọ́mọ wọn la ń pè ní Àgùdà. Ilé alájà tí wọ́n kọ́ ṣì dúró ní Àjàṣẹ́, Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú wa sì ní ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ní àkókò yẹn, ẹni tó bá sọ ní Àjàṣẹ́ pé òun ń bọ̀ láti òkè òkun, ó ṣeé ṣe kí ìdílé rẹ̀ béèrè pé báwo ni ará Bahia. Ọ̀nà jìnnà, àmọ́ ọ̀nà wà. Lẹ́tà ń lọ, aṣọ òkè ń lọ, obì ń lọ, tábà ń bọ̀.

Pierre Verger, ọmọ Faransé tó fi Salvador ṣe ilé láti 1946, kọ ìwé ńlá kan lórí lílọ àti bíbọ̀ yìí, tó jáde ní 1968. Òun fúnra rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ láàárín Bahia àti ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Kétu ni ó ti gba orúkọ Fátúmbí.

4. Bí Párí ṣe súnmọ́ tòsí

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà Bahia? Kò sí ẹni tó fi odi dí òkun. Òwò àti ìjọba ló yí ojú padà. Ààbò Faransé tó fìdí múlẹ̀ lórí Àjàṣẹ́ ní 1883, lábẹ́ ọba Toffa, mú kí ọkọ̀ ńlá máa ti Marseille àti Bordeaux wá. Ní 1891, wọ́n kọ́ afárá ìjẹrù sínú òkun ní Kútọnu. Ní 1894, ilẹ̀ náà di Dahomey lábẹ́ Faransé, Àjàṣẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fi èédú rìn kò nílò afẹ́fẹ́ Bahia mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ọ̀nà Faransé gbà.

Ohun kan wà tí mo rí nínú àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Títí di 1911, Faransé kì í fi Greenwich ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó ń lọ láti àríwá sí gúúsù. Ìlà tó gba ilé ìwòràwọ̀ Párí kọjá ni wọ́n ń fi ṣe òdo. Ìlà yẹn wà ní díígírì 2 àti ìṣẹ́jú 20 sí ìlà-oòrùn Greenwich. Àjàṣẹ́ wà ní nǹkan bí díígírì 2 àti ìṣẹ́jú 37, Kútọnu sì tún súnmọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé, lórí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ń lò, Párí àti etíkun Dahomey fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo. Kì í ṣe pé wọ́n tìtorí èyí wá sí ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n títí dòní, ẹni tó bá gbéra ní Kútọnu tó sì kọjú sí àríwá gan-an, láìyà sí òsì tàbí ọ̀tún, yóò kọjá lórí Nìjẹ̀r, lórí Àlgéríà, lórí òkun, yóò sì débi tí Párí wà. Aago kò tilẹ̀ yí padà: ní ìgbà òtútù wọn, aago Kútọnu àti aago Párí jọ ń lù pọ̀ ni.

Fífò ní òpópónà tààrà yẹn kò rọrùn ní kíá. Ẹ̀rọ bíi DC-4, tí ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ń fò ní nǹkan bí 360 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá fi pín 4,740, yóò fún wa ní wákàtí mẹ́tàlá lókè, láìka ibi tí ó ní láti bà láti gba epo. Ẹ̀rọ ayára tó dé lẹ́yìn náà ń fò ní 850 sí 900: wákàtí márùn-ún àtààbọ̀, kí a fi ìgbéra àti ìbalẹ̀ kún un, ó di mẹ́fà àti díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé tó bá gbéra lálẹ́ tó sì balẹ̀ ní òwúrọ̀, àgbà tó ń ka ọjọ́ bí a ti ń ka ìjẹta lè sọ láìpurọ́ pé ọjọ́ méjì ni òun fi dé Párí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1961, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá, tí Dahomey wà lára wọn, fọwọ́ sí ìwé ní Yaoundé láti dá Air Afrique sílẹ̀. Ìgbéraga ńlá ló jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe tò, Párí ni gbogbo wọn ń fà sí, bí okùn àwọ̀n ṣe ń fà sọ́wọ́ apẹja. Nígbà tí Air Afrique kú ní 2002, okùn náà kò já. Ọwọ́ tó dì í mú nìkan ló yí padà.

5. Nígbà tí ọ̀nà bá dí

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé kìlómítà nìkan tó láti sọ jíjìn, ẹ̀kọ́ méjì wà láìpẹ́ yìí.

Èkíní kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Àjàṣẹ́. Láti pápákọ̀ Kútọnu sí ti Èkó kò ju nǹkan bí 106 kìlómítà lọ, bàálù kì í lò tó wákàtí kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ ọjà. Sèmè kò ṣí padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ilẹ̀ kò gùn sí i. Òróró, tòmátì àti ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti máa ń dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú wá ń jẹrà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ ṣe òkú ní Badagry ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Fún odindi oṣù mẹ́rìndínlógún, Èkó jìnnà.

Èkejì wà lójú òfurufú. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n ti òfurufú ilẹ̀ náà pa ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ. Ìlà tààrà tí mo ṣàpèjúwe lókè já láàárín. Àwọn ọkọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ láti Yúróòpù wá sí ọ̀dọ̀ wa ní láti yí gba ibòmíràn, wọ́n ń jó epo púpọ̀ sí i, wákàtí sì ń gùn. Ní oṣù Kẹsàn-án, Nìjẹ̀r ṣí òfurufú rẹ̀ padà fún ọkọ̀ akérò, àyàfi ti Faransé. Nígbà náà, ọkọ̀ òfurufú méjì lè gbéra ní Kútọnu ní òru kan náà kí wọ́n sì máa lọ sí ìlú kan náà, síbẹ̀ kí ọ̀nà wọn má gùn dọ́gba, nítorí àsíá tó wà lára wọn. Ìtumọ̀ ibùsọ̀ nìyẹn gan-an: jíjìn ọ̀nà ń yí padà pẹ̀lú ẹni tó gbé ẹrù àti ohun tó wà lójú ọ̀nà.

6. Ìṣirò Bahia

Ẹ jẹ́ kí a padà sí tíkẹ́ẹ̀tì mi. Kútọnu sí Párí, 4,740. Párí sí Lísbọ̀n, nǹkan bí 1,470. Lísbọ̀n sí Salvador, nǹkan bí 6,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 12,700 kìlómítà láti débi tí ó jìnnà sí wa ní 4,980, ìyẹn ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ lọ. Wákàtí tí a ó lò nínú òfurufú nìkan tó mẹ́tàdínlógún, ká tó ka dídúró ní pápákọ̀ méjì. Bí ẹ̀rọ kan bá lè fò tààrà, wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni yóò lò. Ẹni tó bá jẹun alẹ́ ní Àjàṣẹ́ lè jẹ acarajé ní Salvador fún oúnjẹ àárọ̀, kí ó sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu pé àkàrà ni.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣòro. Láti ọjọ́ kejìlá sí ìkẹtàlá oṣù Karùn-ún ọdún 1930, Jean Mermoz fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé lẹ́tà fò láti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl dé Natal ní Bùràsíìlì, ju 3,000 kìlómítà lọ, láàárín nǹkan bí wákàtí mọ́kànlélógún. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Ethiópíà bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Bùràsíìlì, ó sì fi Lomé, aládùúgbò wa, ṣe ibùsọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó lè fò láti Addis Ababa dé São Paulo láìdúró dé, a kò sì nílò ibùsọ̀ náà mọ́. Ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà ọkọ̀ èédú ló tún ṣẹlẹ̀: bí ọkọ̀ bá lágbára sí i, àwọn ibi tó ti ń dúró ni ó máa ń fi sílẹ̀. Ọ̀nà ń ṣí níbi tí èrò pọ̀ sí tí owó sì wà, èrò sì máa ń pọ̀ síbi tí ọ̀nà bá ti ṣí. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá ti pa nínú ìyípo yìí, agbára káká ni yóò fi tún un ṣí.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìṣirò lásán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tó fún àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láǹfààní láti di ọmọ orílẹ̀-èdè wa. Ilé Bẹ̀nẹ̀ ti wà ní Salvador láti 1988. Ní Bahia, àwọn kan ń kọrin ní èdè tí wọ́n mọ̀ pé Kétu ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni Kétu ṣì wà níbi tó wà, kò tó ọ̀nà ọjọ́ kan sí Kútọnu. Ìwé òfin sọ pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé. Ọ̀nà sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba Yúróòpù. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sílé ní láti ní ọ̀nà tí yóò gbà.

Fún àwa tí a ń kọ́ èdè, mo rí ohun méjì tó yẹ ká ṣe. Àkọ́kọ́, nígbà tí a bá ń gba ìtàn ìrìn-àjò sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ má jẹ́ ká yára sọ ibùsọ̀ àti ìrìn ọjọ́ di kìlómítà lórí ìwé. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, ká sì béèrè ohun tí wọ́n gbà kọjá, ibi tí wọ́n ti sinmi, àti bóyá wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n gbéra mọ́ ọn. Èkejì, ó yẹ kí ìwádìí lórí gbólóhùn alásínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe fi ojú pàtàkì wo gbà. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń wá nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ àti nínú ìwé àdéhùn, ìyẹn ẹni tó di ọ̀nà mú àti ẹni tó ń san owó ibodè, ni àwọn tó ń sọ èdè wa ń sọ lójoojúmọ́ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí.

Mi ò tíì lọ sí Salvador. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ju ohun tí apá mi ká lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ Pobè yẹn bá tún béèrè lọ́wọ́ mi pé ibo ni mo fẹ́ gbà, mo ti mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ ti tó ọ̀rúndún méjì, àti pé kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kó dáhùn rẹ̀.